Ṣé kí n panu mọ́ ni? Àwọn tó ń gbọ́ ẹkún ìyàwó tí mò ń ṣe kò pé ogún

Àṣàkẹ́ Ìsẹ́yìn

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará ẹgbẹ́. Ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á, ọ̀rọ̀ mi gùn, ọwọ́ mi sì ń gbọ̀n bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́.

Ẹkún ìyàwó ni mò ń ṣe, ewì ìdágbére ọmọ tó ń lọ ilé ọkọ. Bí ẹnì kan bá fẹ́ fi ọmọ rẹ̀ fọ́kọ, màá lọ jókòó ti àwọn àgbà ilé wọn, màá gba oríkì orílẹ̀ wọn lẹ́nu wọn. Lẹ́yìn náà ni màá wá béèrè nípa ọmọ náà gan-an: ta ló sọ ọ́ lórúkọ, ẹ̀yìn ta ló dàgbà sí, ibo ló ti ṣubú tó fi lápàá lórúnkún. Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ni mo fi ń tò ó. Mi ò lo ti ẹnì kan fún ẹlòmíràn rí. Ìyá tó bí ìyá mi ló fi kọ́ mi nígbà tí à ń ká òwú fún àwọn ahunṣọ. Láàárín ọdún mẹ́rin, mo ti ṣe fún ìyàwó 17. Mẹ́tàdínlógún péré! Àwọn tó sì ń jókòó gbọ́ ọ nínú yàrá, 14, 18, kì í jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Sátidé tó kọjá ni wọ́n wá fi ojú mi gbolẹ̀. Hóòlù ni wọ́n ti ṣe é, àwọn èèyàn tó wà níbẹ̀ á tó 300. Mo ní inú mi ń dùn, pé lónìí, èèyàn á gbọ́ mi. Aago méje àárọ̀ ni mo ti débẹ̀. Ẹ̀rọ amúlétutù wọn ò ṣiṣẹ́, wọ́n ní jẹnẹrétọ̀ ò gbé e. Aṣọ ẹbí ₦45,000 tí mo rà, léèsì tí ń jẹni lára bíi wèrèpè, mo ti fi òógùn bà á jẹ́ kó tó di aago mẹ́wàá. Ìrẹsì tí wọ́n gbé fún mi ti tutù, ẹran orí rẹ̀ ò ju ìka lọ. Alága ìjókòó wọn, gèlè rẹ̀ fẹ̀ ju agboòrùn lọ, lo wákàtí kan ààbọ̀ lórí owó nìkan: owó ìṣílẹ̀kùn, owó bàbá gbọ́, owó ìyá gbọ́, owó ọmọ ilé, owó ìyàwó ilé, owó ìṣíjú ìyàwó. Ìgbà tó kàn mí, ó ní, "Màámi, ìṣẹ́jú márùn-ún péré o."

Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ni iṣẹ́ mi!

Mo bẹ̀rẹ̀. Mo dé ìṣẹ́jú kẹrin, ibi tó dùn jù nínú rẹ̀, ni DJ bá ki orin ijó bọ̀ ọ́. Wọ́n pa máìkì mọ́ mi lẹ́nu. Gbogbo hóòlù dìde, owó ń fò. Mo dúró sáàárín wọn bí ẹni tó ṣìnà wọlé onílé.

Nígbà tí mo délé, àbúrò ọkọ mi ní, "Ìyàwó wa, ẹni mélòó ló tiẹ̀ ń gbọ́ nǹkan yìí?" Mo gbé fídíò kan sí TikTok ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ẹni 212 ló wò ó. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tí kò ṣe ju kó máa jẹ Indomie nínú báàsì lọ, àwọn tó ń wò ó ò lóǹkà.

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n gé e sí ìṣẹ́jú méjì, kí n máa da ẹ̀fẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn bíi ti àwọn alága? Àbí kí n kó o tì, kí n padà sídìí òwú mi?

Ìyá Ìbejì Ṣakí

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ ò mọ bí ọ̀rọ̀ yín ṣe gbé mi padà sẹ́yìn. Ọdún 1988 ni mo lọ ilé ọkọ, èmi fúnra mi ni mo sun ẹkún mi. A bẹ̀rẹ̀ láti ilé bàbá mi ní ìrọ̀lẹ́, àwọn ọ̀rẹ́ mi tẹ̀ lé mi, a ń ya ilé dé ilé. Ìyá àgbà mi wà lẹ́yìn mi pẹ́kípẹ́kí, bí mo bá gbàgbé, á sọ ọ́ sí mi létí, á sì rún mi ní ìgbáròkó. Tìróò ṣàn dé àgbọ̀n mi. Ọmọ Ìkòyí ni wá, ẹ mọ oríkì Oníkòyí, ogun ni látòkèdélẹ̀. Ìyá ọkọ mi ní nígbà tí òun gbọ́ nípa rẹ̀, ẹ̀rù bà òun pé irú ìyàwó wo ni ọmọ òun ń gbé bọ̀ wálé yìí. Títí ó fi kú ló ń pè mí ní Jagunjagun.

Irú jẹnẹrétọ̀ wo ni wọ́n lò? Àwọn kékeré yẹn kì í gbé ẹ̀rọ amúlétutù, a jẹ irú ìyà yìí níbi ìsìnkú ọkọ ẹ̀gbọ́n mi.

Ọmọ Ìrẹsà Peckham

Ẹ gbé e sí YouTube! Àwa tí a wà nílùú òyìnbó ń wá irú nǹkan wọ̀nyí. Ẹ kọ ìtumọ̀ rẹ̀ sísàlẹ̀, ẹ wá ọmọ kan tó mọ kámẹ́rà, kí iná mọ́lẹ̀ dáadáa. Láàárín ọdún kan, ẹ ó rí i.

Bàbá Tísà

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ pe nǹkan ní orúkọ rẹ̀. Ẹkún ìyàwó, ẹnu ìyàwó ló ti ń jáde. Ìdí tí wọ́n fi ń pè é ní ẹkún ìyàwó nìyẹn. Ní Òkukù, rárà ìyàwó ni wọ́n ń pè é. Karin Barber, òyìnbó obìnrin tó gbé láàárín wọn, mẹ́nu kàn án nínú ìwé tó ṣe lórí oríkì wọn ní 1991. Níbẹ̀ náà, ìyàwó ló ń sun ún. Láti kékeré ni ọmọbìnrin ti ń fetí kọ́ ọ bó ṣe ń tẹ̀ lé àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kiri ní ọjọ́ tiwọn. Bí àgbàlagbà bá gba máìkì, tó ń sun ún dípò ọmọ, oríkì lẹ ń kì, kì í ṣe ẹkún ìyàwó. Kò burú, ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn ni.

Àṣàkẹ́ Ìsẹ́yìn

Bàbá Tísà, ẹ ṣé fún ẹ̀kọ́. Ẹ bá mi wá ọmọ ọdún 27 lónìí tó lè sun ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án láìwo fóònù. Àwọn márùn-ún àkọ́kọ́ tí mo ṣe fún, mo kọ́ wọn, wọ́n sun ún fúnra wọn. Láti orí ìkẹfà ni wọ́n ti ń sọ pé ojú ń ti àwọn, kí n bá àwọn sun ún. Kí n sọ pé rárá?

Ọmọ Ìrẹsà, mo ti gbọ́ ti YouTube. Dátà ń kọ́?

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìrántí. Jẹnẹrétọ̀ kékeré ni lóòótọ́.

Tóyìn Aláṣọ

Ẹ̀gbọ́n, mo ka gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. A ti mọ bí ìrẹsì ṣe tutù, a ti mọ bí gèlè alága ṣe fẹ̀. Ta ló pè yín síṣẹ́? Èló ni ẹ gbà? Kí ni ẹ jọ sọ nípa iye ìṣẹ́jú? Èmi tí mò ń ta aṣọ, kí n tó gé ọ̀pá kan, a ti fẹnu kò. Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ ò ní sọ̀rọ̀ owó lásìkò, ìgbà tó bá dójú ẹ̀ tán lẹ ó wá máa sunkún.

Adéọlá Houston

YouTube ni mo fẹ́ sọ. Ẹ tún lè máa tà á fún àwọn tó ń ṣègbéyàwó níbí. Ẹ̀gbọ́n mi ṣe ìgbéyàwó níbí lọ́dún tó kọjá, alága náà ò mọ oríkì ilé wa rárá, "ọmọ ọba" ló ń pe gbogbo wa. Bàbá wa ní, ọba ibo?

Àṣàkẹ́ Ìsẹ́yìn

₦25,000 ni mo máa ń gbà, nígbà mìíràn àti iṣu. Ẹ jẹ́ kí á fi ti owó sílẹ̀, kì í ṣe torí owó ni mo ṣe kọ̀wé. Ohun tí mò ń béèrè ni bóyá ó yẹ kí èèyàn máa fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣe nǹkan tí ẹni 14 máa gbọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Wálé DJ

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Iṣẹ́ DJ ni mò ń ṣe láti 2011, mo fẹ́ sọ ohun kan, ẹ má bínú sí mi.

Kò sí DJ tó fẹ́ gba owó rẹ̀ pé tó máa dá a ṣe lórí ara rẹ̀ láti pa máìkì mọ́ àgbàlagbà lẹ́nu. Alága ló ń pàṣẹ fún wa, tàbí àwọn tó ni ìnáwó. Àmì wà. Bí wọ́n bá fi ìka ro afẹ́fẹ́ bí ẹni ń ro ọkà, kí orin wọlé nìyẹn. Bí wọ́n bá fa ọwọ́ kọjá lára ọ̀fun, kí á pa máìkì nìyẹn. Ojú wa kì í kúrò lára wọn. Ẹ rántí dáadáa, ìyá wa: ní ìṣẹ́jú kẹrin yẹn, ta ló ń wo DJ?

Bàbá Tísà

Ọ̀rọ̀ gidi lọmọ yìí sọ.

Tóyìn Aláṣọ

Ọ̀rọ̀ gidi ni, mo sì fẹ́ fi tèmi kún un. Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ẹ ra aṣọ ẹbí ₦45,000. Wọ́n pè yín wá sun ẹkún ₦25,000, ẹ fi ₦45,000 ra léèsì, ẹ tún dé láti aago méje. Ó ti tó ọdún 15 tí mo ti ń ta aṣọ ẹbí. Oníṣẹ́ kì í ra aṣọ ẹbí, ẹbí ló ń ra aṣọ ẹbí. Ọmọ ta ni ìyàwó yìí?

Ìyá Ìbejì Ṣakí

Tóyìn, rọra. Kì í ṣe ilé ẹjọ́ nìyí.

Ọmọ Ìrẹsà Peckham

Kí ló kan ọmọ ta ni? Wọ́n ṣe àṣà wa báṣubàṣu, ìyẹn ló ṣe pàtàkì.

Àṣàkẹ́ Ìsẹ́yìn

Mi ò fi pamọ́. Mi ò kàn rò pé ó kan ìbéèrè mi ni.

Ọmọ àbúrò mi ni. Àbúrò mi kú nígbà tí ọmọ náà wà ní ọdún mẹ́jọ, èmi ni mo sì tọ́ ọ. Ọdún 19 ló fi gbé lọ́dọ̀ mi. Ó parí yunifásítì nílé mi. Ta ló tún yẹ kó sun ẹkún rẹ̀ bí kò bá ṣe èmi? Oṣù méjì ni mo fi tò ó, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ibi tí mo dé kí wọ́n tó fi orin pa mí lẹ́nu nìyí, ẹ kà á kí ẹ sọ fún mi bóyá ohun tí wọ́n ń pa lẹ́nu ni:

Ẹ bá mi pe ìyá tó bí mi,
kó wá gbé ọwọ́ lé mi lórí.
Ìyá ẹlẹ́gbẹ́ mi ń so gèlè,
ìyá tèmi fi gèlè sílẹ̀ nínú àpótí.
Ẹni tó pọ̀n mí kúrú,
ẹsẹ̀ mi ń wọ́ nílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀,
kò sọ̀ mí kalẹ̀.

Orí "kò sọ̀ mí kalẹ̀" ni orin wọlé.

Adéọlá Houston

Mo ń sunkún níbi iṣẹ́ báyìí.

Bàbá Tísà

Ó dáa gan-an. Mo fi òótọ́ sọ ọ́. "Ìyá tèmi fi gèlè sílẹ̀ nínú àpótí." Ìyẹn ò sí lórí ahọ́n ẹnikẹ́ni tí mo mọ̀.

Tóyìn Aláṣọ

Ó dáa, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n béèrè, ẹ̀gbọ́n, ẹ lè bínú bí ẹ bá fẹ́. "Ẹni tó pọ̀n mí kúrú, kò sọ̀ mí kalẹ̀." Ta nìyẹn? Ẹ̀yin nìyẹn! Ẹ ki ara yín nínú ẹkún ọmọ, lójú àwọn àna.

Àṣàkẹ́ Ìsẹ́yìn

Bí mi ò bá ki ara mi, ta ni ì bá kì mí?

Ìyá Ìbejì Ṣakí

Hmm.

Ìyàwó Kẹfà

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ó pẹ́ tí mo ti ń kàwé yín láìfọhùn. Màmá Àṣàkẹ́, ẹ ò mọ̀ pé mo wà nínú ẹgbẹ́ yìí. Èmi ni ìkẹfà tí ẹ sọ pé ojú ń tì yẹn. Òótọ́ ni, ojú tì mí.

Inú pálọ̀ bàbá mi ni ẹ ti ṣe tèmi, a ò pé ogún. Ọkọ mi fi fóònù gba ohùn rẹ̀. Nígbà tí ẹ dé ibi tí ẹ ti dárúkọ bàbá mi, bàbá mi dáhùn, ó ní "àṣẹ", ó wúkọ́, ó tún ní "àṣẹ". Ó kú ní ọdún tó tẹ̀ lé e. A ní fọ́tò rẹ̀ rẹpẹtẹ, ṣùgbọ́n ibẹ̀ nìkan ni ohùn rẹ̀ wà. Ọmọ mi ò mọ̀ ọ́n, àmọ́ ó mọ ikọ́ yẹn. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ kó sọ̀rọ̀, ọmọ á ti wúkọ́ kí ikọ́ bàbá mi tó jáde.

Mo kàn ní kí n sọ fún yín ni.

Ọmọ Ìrẹsà Peckham

Ẹ rí i? Irú èyí ni mo ní kí ẹ gbé sí YouTube!

Tóyìn Aláṣọ

Arákùnrin, ikọ́ bàbá oníbàbá ni ẹ fẹ́ gbé sí YouTube? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sinmi.

Wálé DJ

Ìyá wa, ẹ ò tíì dáhùn mi o. Ta ló ń wo DJ?

Àṣàkẹ́ Ìsẹ́yìn

Wálé, mo ti mọ̀ kí o tó béèrè. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ni. Mo rí ọwọ́ rẹ̀ lábẹ́ ìbòjú, ó fa ọwọ́ kọjá lára ọ̀fun bó o ṣe júwe rẹ̀ gẹ́lẹ́. Mo sọ fún ara mi pé ó ń tún ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ ṣe ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tán, torí ẹ ó ṣì béèrè. Ó ti wá bá mi ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Ó ní, "Màámi, ẹ ṣe gbogbo ohun tí ẹ bá fẹ́, ẹ ki ilé wa títí ilẹ̀ á fi ṣú, ṣùgbọ́n ẹ má dárúkọ màmá mi níbẹ̀. Bí ẹ bá dárúkọ wọn, mi ò ní lè dúró." Mo ní mo ti gbọ́. Mo sì ti tò ó tán nígbà náà. Ibẹ̀ ló dùn jù nínú iṣẹ́ náà. Mo ní nígbà tó bá gbọ́ ọ, á dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Kò tíì pè mí láti Sátidé. Ọjọ́ karùn-ún lónìí.

Adéọlá Houston

Ah, Màmá.

Tóyìn Aláṣọ

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ TikTok mọ́ nìyẹn o. Ẹ̀gbọ́n, ẹ bi wá ní ìbéèrè kan, òmíràn ló wà nínú yín.

Bàbá Tísà

Ẹ má jẹ́ kí á dà á lé obìnrin yìí lórí. Ẹkún ni orúkọ nǹkan náà. Bí ìyàwó kò bá sunkún níbẹ̀, kí la pè é wá ṣe? Ìyá tó ti kú, ibẹ̀ gan-an la ti ń pè é. Láyé ìyá mi, wọ́n á mú ìyàwó dé ojú oórì ìyá rẹ̀ pàápàá.

Ìyá Ìbejì Ṣakí

Tísà, láyé ìyá yín, ta ló wà níbẹ̀? Ẹbí rẹ̀ àti ọ̀rẹ́ rẹ̀. Wọ́n kì í ṣe 300, kò sí kámẹ́rà, kò sí ẹni tó sanwó ₦60,000 fún àtíkè ojú. Tìróò mi ṣàn dé àgbọ̀n, kò sí ẹni tó yà á ní fọ́tò. Ọkọ mi tiẹ̀ ò sí níbẹ̀. Ẹkún tí èèyàn ń sun lójú àwọn tirẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n fi máìkì sun lé e lórí lójú àna.

Bàbá Tísà

Ìyẹn náà ni mo sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, pé ẹnu ọmọ ló yẹ kó ti jáde. Bó bá jẹ́ òun ló ń sun ún, á mọ ibi tí agbára òun mọ, á sì fo ibẹ̀.

Ìyá Ìbejì Ṣakí

Ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀. Orúkọ ni ẹ ń jà lé.

Alábòójútó

Ẹ̀yin àgbà méjèèjì, ẹ jọ̀ọ́.

Wálé DJ

Ìyá wa, ẹ gbọ́ tọmọdé. Ó fẹ́ gbọ́ ìyókù rẹ̀, mo lè fi orí mi búra. Ó kàn fẹ́ gbọ́ ọ níbi tí kò ti sí DJ ni.

Tóyìn Aláṣọ

Wálé, o ò mọ ọmọ náà, má fi orí ẹ búra. Kí wọ́n lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ ni. Kí wọ́n má mú ìwé ẹkún kankan dání. Bó bá béèrè ìyókù, òun ló béèrè.

Àṣàkẹ́ Ìsẹ́yìn

Mo ti gbọ́ gbogbo yín. Ìbàdàn ni wọ́n ń gbé. Màá wọkọ̀ lọ ní Sọ́ńdè lẹ́yìn ìsìn. Mi ò ní mú ìwé dání. Màá gbé gèlè ìyá rẹ̀ lọ, ó ṣì wà nínú àpótí mi lóòótọ́, mi ò tíì fi hàn án rí.

Ìyàwó Kẹfà, mo ka tìrẹ lẹ́ẹ̀mẹrin. Mo rántí ikọ́ náà. Inú bí mi nígbà yẹn pé bàbá rẹ ba ìlà mi jẹ́.

Ìyá Ìbejì Ṣakí

Ẹ gbéra pẹ̀lú àlàáfíà. Àṣàkẹ́, kí ẹ tó lọ, ẹ bá mi rántí nǹkan kan. Nínú ẹkún tí mo sun lọ́dún 1988, ìyá àgbà mi fi ọ̀rọ̀ kan nípa ọfà parí rẹ̀. Ọfà tí wọn ò ta, nǹkan kan bẹ́ẹ̀. Mo ti wá a títí. Kò sí ẹni tó kù nílé wa tó mọ̀ ọ́n.

Àṣàkẹ́ Ìsẹ́yìn

Mi ò lè mọ ohun tí ìyá àgbà yín sọ, òun ló ni ín. Ṣùgbọ́n a lè jọ tò ó títí a ó fi débẹ̀. Ta ló sọ yín lórúkọ?

Ìyá Ìbejì Ṣakí

Bàbá ìyá mi ni. Orúkọ tó kọ́kọ́ fún mi, ìyá mi kọ̀ ọ́.

Àṣàkẹ́ Ìsẹ́yìn

Kí ló dé tó kọ̀ ọ́?